Ìwé Kànga Tí Ọmọlará Fi Ránṣẹ́

Agboolé Ajíbóyè,
Ìgbòho.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àìlà.

Ọmọlará Àpínkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé alájà yẹn ní Agbowó, mo sì kí obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹni tó fún mi ní àga jókòó nígbà tí mo wá, tí n kò mọ̀ pé iwájú ilé yín gan-an ni mo ti ń bèèrè ilé yín. Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àlàáfíà la wà níbí. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò ní kó má bá mi jà. Ewúrẹ́ funfun bí méjì, ọ̀kan kú. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dáwọ́ dúró, àgbàdo sì ń wo ojú ọ̀run bí àwa náà ti ń wò ó.

Ìwé tí o fi rán awakọ̀ láti Mọ́kọ́lá dé ọwọ́ wa. Orí itan ló gbé e lé títí ó fi dé, kò ká rárá. Nígbà tí ìyá rẹ já àpò rẹ̀, tó rí ìwé tó ń dán, tó rí orúkọ rẹ gàdàgbà lójú ìwé, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ibi kan ṣoṣo tó ti ń rí orúkọ ènìyàn lára irú ìwé dídán bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìsìnkú tí àwọn ará ilé Onítẹ̀bọmi máa ń pín. Ìdí nìyẹn tí a fi pè ọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, tó ní kí o kàn sọ̀rọ̀, tí o sì sọ ọ́, tó sì pa fóònù. Má bínú. Nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ, ó fi ìborùn nu ojú, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wò ó dáadáa lẹ́yìn náà. Mo rí i pé ìwé ọmọdé ni, pé orúkọ rẹ̀ ni "Kí Ló Wà Nínú Kànga?", pé ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ náà lo sì ya àwòrán inú rẹ̀. Mo ti rò pé àwòrán ilé lo ń yà ní ọ́fíìsì yín ní Bódìjà, ohun tí mo sì ti sọ fún gbogbo ìlú nìyẹn. Mo ti ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí láti tún un sọ. Ó ku ilé mẹ́rin.

Ẹ̀yìn ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ni nọ́ńbà wà. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ni. Mo mọ̀ pé ti fóònù kì í ju mọ́kànlá lọ, ṣùgbọ́n mo ní bóyá ti Ìbàdàn ti gùn sí i. Mo ra káàdì, mo pè é kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní nọ́ńbà tí mo pè kò sí. Mo kí i, mo ní èmi ni bàbá Ọmọlará, mo ní kó fi sùúrù wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún sọ ohun kan náà, bí ẹni tí wọ́n ti ń bi ní ìbéèrè yẹn láti àárọ̀. Kò bínú, kò sì jẹ́ mi ní kíkí. Tí o bá mọ̀ ọ́n, má sọ fún un pé mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àwọn ìlà dúdú tó wà lókè nọ́ńbà náà, tí òmíràn nípọn tí òmíràn sì fẹ́lẹ́, ìyẹn kò rú mi lójú. Bí ilẹ̀ ti rí nínú kànga ni, ẹ kàn fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kó lè gba àyè. Mo kà á, mo rí i pé yangí tí ẹ fi síbẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi àti Oyèbọ́lá àbúrò mi gbẹ́ kànga ní Bódìjà, ní Challenge, ní Akobo nígbà tó ṣì jẹ́ oko, àti ní ẹ̀yìn Ẹlẹ́yẹlé níbi tí omi ti ń yọ kí ènìyàn tó làágùn, a kò sì bá irú yangí bẹ́ẹ̀ pàdé. Abẹ́ ibẹ̀ ni mo mọ̀ ju òkè wọn lọ. Bí wọ́n bá mú mi lọ sí Akobo lónìí, n kò ní dá ilé kankan mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ mí kalẹ̀ sínú ilẹ̀, màá sọ àdúgbò tí mo wà.

Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ọdún 5–8". Mo wí fún ìyá rẹ pé ìwé náà yóò lò tó ọdún márùn-ún ó kéré tán. Ó ní ìwé tó dán tó báyìí yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé kí n bi ọ́ bóyá wọn kò ti rẹ́ ọ jẹ.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ wà ní ojú ewé kejì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà apá kankan nínú ìwé yìí, tàbí kí a gbé e jáde lọ́nàkọnà, láìgba àṣẹ àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ìwé tí ọmọ mi kọ, èmi kọ́ ni yóò kọ́kọ́ rú òfin rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìwé kò jáde kúrò nínú yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, yàrá ló ń wá bá a, a ó pa ilẹ̀kùn dé, yóò wò ó, yóò sì lọ.

Ẹni tó ń wá jù ni Islamiat. O mọ̀ ọ́n, ọmọ Ọláníkẹ́, ọmọ ọmọ Oyèbọ́lá. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ báyìí. Ọmọ náà kò níṣẹ́ méjì ju ìbéèrè lọ. Lọ́sẹ̀ tí ìwé dé, ó bi mí pé kí ló dé tí ẹyinjú ewúrẹ́ fi dùbúlẹ̀ nígbà tí ti ológbò dúró. Àádọ́rin ọdún ku ọ̀kan ni mo ti ń wo ewúrẹ́, n kò rí i rí. Mo lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú ewé kan ni mo ń kà fún un ní ìrọ̀lẹ́ kan, nítorí ojú mi kò gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kà bí Fadékẹ́mi inú ìwé ṣe yọjú sí kànga, bó ṣe rí ojú ara rẹ̀ nínú omi, bó ṣe ju òkúta sí i tó sì ń ka ìye tó fi ń lọ kó tó dún. A dé ojú ewé kẹfà, níbi tó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹnu kànga tó ní òun fẹ́ lọ wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ la dúró sí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé Islamiat ti fi èédú ya Fadékẹ́mi sára ògiri ilé ìdáná, tòun ti kànga, tòun ti ẹsẹ̀ kan lórí rẹ̀. Ó dára púpọ̀. Ẹ̀dà sì ni. Mo fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, mo ti ìwé mọ́ inú àpótí, mo ní kò sẹ́ni tó tún máa rí i títí lẹ́tà àṣẹ yóò fi ti Ìbàdàn dé. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni lẹ́tà fi ń rìn. Mo ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bi mí pé kí ni Fadékẹ́mi rí nísàlẹ̀. Mo ní èmi náà kò tíì mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ti àná, mo ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé Oyèbọ́lá, mo rí i pé páànù orí kànga ti yẹ̀. Kànga tó pa á ni mò ń wí, èyí tí a ti fi páànù àti igi bò láti ọdún mọ́kànlélógún. Mo rò pé ewúrẹ́ ni. Mo lọ tún un ṣe, mo yọjú, mo rí gèlè ọmọdé, aláwọ̀ búlúù, nísàlẹ̀, bí ìwọ̀n ènìyàn méjì àti ààbọ̀ sí ẹnu kànga. Islamiat ni. Ó ti ki ẹsẹ̀ bọ inú àwọn ihò tí a gbẹ́ sí ara ògiri nígbà náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí a ti ń ṣe é gan-an, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ.

N kò pariwo. Ẹni tó wà nínú kànga, a kì í pariwo mọ́ ọn. Mo rọra bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá àgbà, ilẹ̀ ibí ti di funfun."

Ó ní òun ń sọ̀kalẹ̀ lọ ni, ilẹ̀ pupa tán, ilẹ̀ olókùúta tán, òun dé ibi funfun, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan sì ń dán nínú rẹ̀, òun wá dúró láti kà wọ́n. Kò tíì bẹ̀rù nígbà yẹn. Ìgbà tí mo ní kó máa bọ̀ lókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ihò tó tẹ̀ lé e mọ́, ni ohùn rẹ̀ yí padà.

Mo ké sí ìyá rẹ. Mo ní kó mú àtùpà wá, kó tàn án. Ó rán ènìyàn sí Luke, tó máa ń di okùn mú fún èmi àti Oyèbọ́lá láyé ijọ́un. Ó ti di díákónì báyìí. Ó sáré wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, okùn agogo wọn ló sì tú wá. Mo so àtùpà mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ó ń jó níbi orí rẹ̀. Ó ń jó níbi ìbàdí rẹ̀. Ó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, iná náà rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ó ń jó. Mo tún sọ ọ́ sí i bí ìwọ̀n apá kan. Ó kú. Mo fà á sókè, a tún un tàn, mo tún sọ ọ́ sílẹ̀. Ibi kan náà ló kú sí.

Ìgbésẹ̀ kan péré ló kù, Àpínkẹ́. Bí ilẹ̀ kò bá di funfun, kò ní dúró.

O rántí pé láti ìgbà tí Oyèbọ́lá ti kú n kò wọ kànga mọ́. Mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹ̀rọ bóhòòlù ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo so okùn agogo mọ́ ìbàdí. Luke dì í mú, ìyá rẹ dì í mú, Tíṣà Ṣèyífúnmi náà dì í mú. Tíṣà yìí ló ń kọ́ Islamiat níwèé, ọmọbìnrin kan tí kò tó ọ lọ́jọ́ orí, ó ń kọjá lọ sí ọjà ni. Mo wí fún Islamiat pé kó máa ka àwọn nǹkan tó ń dán yẹn sókè, kó má dákẹ́, nítorí tó bá ń sọ̀rọ̀, èmi mọ̀ pé ó ń mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ti ka méjìlélógójì kí ọwọ́ mi tó bà á. Mo tú okùn ní ìbàdí mi, mo fi so ó, wọ́n fà á. Bó ṣe ń lọ sókè ló ń bi mí pé ta ló gbẹ́ ihò yìí.

Èmi kò tẹ̀ lé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ funfun náà wà níwájú mi, ojú ibi tí diga Oyèbọ́lá ti gé e sì wà níbẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni, o mọ̀, gbogbo ojú gígé rẹ̀ máa ń tẹ̀ síbi tí tèmi kì í tẹ̀ sí. Mo fi ọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n tutù. Mo ní kí wọ́n sọ okùn padà, kí wọ́n fà mí.

Nígbà tí Ọláníkẹ́ ti oko dé, ó gbá ọmọ rẹ̀ mú, kò nà án. Ó bi í pé ta ló ní kó wọ ibẹ̀. Ọmọ náà ní Fadékẹ́mi ni. Wọ́n lọ mú Fadékẹ́mi ilé Onítẹ̀bọmi wá, ọmọ náà ń sunkún pé òun kò mọ nǹkan kan, ó sì tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé wọn pé inú ìwé ni Fadékẹ́mi wà. Ọláníkẹ́ ní kí n gbé ìwé náà wá, kí òun dáná sun ún. Mo ní mi ò lè gbé e jáde láìsí àṣẹ àkọsílẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí. Tíṣà Ṣèyífúnmi rọra sọ pé gbígbé jáde tí wọ́n kọ síbẹ̀, títẹ̀ ìwé ká máa tà á ni wọ́n ń wí, kì í ṣe kí ènìyàn gbé e kúrò nínú yàrá. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Mo lọ ṣí àpótí.

Tíṣà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kà á tán ná kí wọ́n tó sun ún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé keje. Ní ojú ewé keje, Fadékẹ́mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu kànga, ó sì lọ pe bàbá rẹ̀. Ní ojú ewé kẹjọ, bàbá rẹ̀ dé tòun ti àtùpà, ó so ó mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó ní tí iná bá ń jó, ènìyàn lè mí, tí iná bá kú, ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀. Ìyókù ìwé náà, àwọn méjèèjì ń fi àtùpà wo inú kànga láti òkè ni, wọ́n ń rí ilẹ̀ pupa, wọ́n ń rí gbòǹgbò igi, wọ́n rí ọ̀pọ̀lọ́ kan. Ọmọ náà kò wọ kànga rárá.

Ojú ewé kan ló kù kí Islamiat dé ibẹ̀. Èmi ni mo tì í mọ́ inú àpótí.

Ọláníkẹ́ gba ìwé náà, ó ń wo àwòrán bàbá àti àtùpà, ó pẹ́ tó ń wò ó. Mo rò pé yóò ya á. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ sọ àtùpà sílẹ̀ fún bàbá mi lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Rárá."

Mo sọ fún un lójú gbogbo wọn pé epo àtùpà tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pé ọjọ́ mọ́kànlá la ti ń wọ kànga náà tí kò sí nǹkan kan, mo sì sọ fún Oyèbọ́lá pé kó máa wọlé lọ. Luke ń wo ilẹ̀. Ó mọ̀ láti ọjọ́ náà, kò sì fi ẹnu kàn án rí. Ọláníkẹ́ gbé ìwé lé orí àga, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n lọ sílé. Kò kí mi.

Ìwọ náà bi mí ní ìbéèrè yìí rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ lọ́jọ́ náà, o dúró lẹ́bàá ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, o ní àtùpà dà. Mo ní ọmọdé kì í bèèrè irú ìyẹn. O kò tún bi mí mọ́. Nígbà tí mo rí ojú ewé kẹjọ, mo mọ̀ pé o kò gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọláníkẹ́ wá. Ó jókòó, kò gba omi. Ó ní inú òun kò tíì rọ̀, òun kò sì mọ ọjọ́ tí yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní Islamiat kò jẹ́ kí òun sinmi lórí ilẹ̀ funfun yẹn, pé kí n máa kọ́ ọ ní orúkọ àwọn ilẹ̀ àti bí a ti ń sọ àtùpà, nítorí òun kò lè fi páànù bo gbogbo kànga ayé. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti ń wá. Ó ti mọ márùn-ún. Ìwé ti ń jáde báyìí, ó ti dé ilé ẹ̀kọ́, ó sì ti ní àbààwọ́n epo lójú ewé kẹta, kí o má bínú.

Nǹkan díẹ̀ tí a ń fẹ́ rèé. Fi owó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́, kí n fi kọnkéré bo kànga Oyèbọ́lá dáadáa. Bá wa ra okùn ńlá kan ní Dùgbẹ̀, nítorí okùn agogo ti já lára igi ẹnu kànga, irin ríìmù ọkọ̀ sì ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń lù báyìí. Fi ìwé rẹ mẹ́ta sí i. Má fi owó ránṣẹ́ sínú fóònù o. Fóònù náà ń sọ lójoojúmọ́ pé àyè ti tán nínú òun, mo sì ń bẹ̀rù pé tí owó bá dé, kò ní ríbi dúró sí. Fún awakọ̀.

Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun ọ̀sán. Ọlọ́hun yóò bù sí ọwọ́ tí o fi ń yàwòrán, yóò sì fún ọ ní àwọn ọmọ tí yóò máa bi ọ́ léèrè, àti ọkàn tí o ó fi máa dá wọn lóhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè. Tí ìbéèrè mìíràn bá wà tí o ti bi mí rí tí n kò fèsì, kọ wọ́n sínú lẹ́tà, fi rán mi. Mo rántí díẹ̀ nínú wọn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mánsúrù Ajíbóyè.